ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ: BÍ OLÙKỌ́ TUNTUN ṢE LÈ ṢÈTÒ KÍLÁÀSÌ ÀWỌN AKÀNDÁ ỌMỌ

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè rẹ ṣe lè ṣètò kíláàsì fún àwọn akàndá ọmọ.

Àlàyé lórí ìbéèrè

Kí o tó mú kálámù, ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. “Ṣe àlàyé bí” ni wọ́n wí. Wọn kò ní kí o máa káàánú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ ojú ìwé méjì lórí ìyà tí ń jẹ afọ́jú, tí wọn kò ní dárúkọ àga tàbí pátákó ìkọ̀wé rárá. Irú wọn kò dáhùn ìbéèrè. “Agbègbè rẹ” náà ní ìtumọ̀: ibi tí o mọ̀ ni kí o lò. Ọjọ́, Ìbà àti Òkokomaikò ní ìpínlẹ̀ Èkó ni èmi lò.

Ìlapa èrò

(a) Ìfáàrà: ta ni akàndá ọmọ?
(b) Mímọ ọmọ kọ̀ọ̀kan
(d) Yàrá àti ìjókòó
(e) Ohun èlò ìkọ́ni
(ẹ) Àwọn alábàáṣiṣẹ́ olùkọ́
(f) Ìkádìí

Àpẹẹrẹ àròkọ

Ìka kò dọ́gba. Akàndá ọmọ ni ọmọ tí ojú, etí, ẹsẹ̀ tàbí òye rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé a ní láti yí ọ̀nà ìkọ́ni padà kí ó tó lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ẹni tí a gégùn-ún fún.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn kíláàsì mi tí kì í dáhùn bí mo bá pè é. Mo pè é ní olóríkunkun, mo sì ń fi í kúnlẹ̀ láràárọ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó wá sọ fún mi pé àìsàn ti dí i létí láti kékeré. Ọjọ́ tí ó wá sọ ọ́ náà ni ó kó ìwé ọmọ náà lọ sílé, kò sì padà wá mọ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ tuntun bi òbí léèrè kí ó tó mú pàṣán. Kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ohun tí ọmọ lè ṣe kí ó tó kọ ohun tí kò lè ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yàrá. Ìsàlẹ̀ ilé ni ó dára, kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí àwọn tí ń lo ọ̀pá tàbí àga onítáyà. Ilé ìwé tí ó bá wà létí òpópó Àgbádárìgì ní Òkokomaikò kò ní ṣàì gbọ́ ariwo fèrè ọkọ̀ àti ti àwọn agbèrò. Ẹ̀yìn ọgbà ni kí a fi kíláàsì náà sí. Kí àyè wà láàárín àga, kí a má sì máa ṣí wọn nípò, nítorí ọkàn ni ọmọ tí kò ríran fi ń mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ran dáadáa, iwájú ni kí ó jókòó sí, níbi tí yóò ti máa wo ẹnu olùkọ́. Kí olùkọ́ má ṣe kẹ̀yìn sí fèrèsé nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí òkùnkùn yóò bo ojú rẹ̀; kí ó má sì kọjú sí pátákó kí ó máa sọ̀rọ̀.

Ohun èlò kò ní láti wọ́n. Ìdérí ìgò àti òkúta wẹ́wẹ́ tó fún ìṣirò, nítorí ọmọ tí òye rẹ̀ lọ́ra ní láti fọwọ́ kan ohun tí ó ń kà. Kí a pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́: bí a bá ń kọ́ ọ ní ọwọ́ fífọ̀, kí a kọ́ ọ ní omi bíbù lónìí, kí ó di ọ̀la kí a tó kan ọṣẹ. Ọmọ tí kò ríran nílò ìwé àfọwọ́kà. Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí òun náà kò ríran, ni ó ṣe é ní 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Àmì kéékèèké mẹ́fà tí ó yọ sókè lórí bébà ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ òbí tí ń tajà ní Ìyànà-Ìbà àti Alábà ń jáde ní ìdájí. Bí wọn kò bá lè wá sí ilé ìwé, kí olùkọ́ lọ bá wọn ní ìsọ̀. Kí ó béèrè èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé, nítorí Àwórì àti Ẹ̀gùn jọ ń gbé àdúgbò náà ni. Kí ó tún tọ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ lọ: ilé ìwé àwọn afọ́jú Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè láti 1962, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó wà ní Ọ̀yọ́, sì bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn ọmọ: Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2019.

Ní ìparí, kíláàsì tí a bá tò dáadáa fún akàndá ọmọ, ara yóò tu gbogbo ọmọ níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fara balẹ̀ wo ọmọ kí ó tó dá a lẹ́jọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Àkíyèsí

Wo bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbé kókó kan. Ìtàn kan ṣoṣo ni mo lò, gbólóhùn mẹ́rin péré, mo sì yára fi í ti kókó lẹ́yìn. Òwe méjì tó. Má ṣe kó òwe jọ bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣe ìlapa èrò fún àròkọ yìí: “Bí a ṣe lè ran ọmọ kíláàsì wa tí kò ríran lọ́wọ́.”
2. Kọ àròkọ náà. Lo ilé ìwé tí o mọ̀.