Bí Peugeot 504 Kò Bá Ṣíná

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Mowe, Ibafo àti Ifo, ẹ̀fọ́ tí ẹ ti kó sínú ọkọ̀ kì í dúró de rewáyà. Ẹ kọ́kọ́ tan iná iwájú, kí ẹ sítáàtì. Bí iná bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, bátìrì ti rọ tàbí orí rẹ̀ ti dípẹtà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa tí kò gbaná, ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì kan, ẹ fi wáyà bọ̀ ọ́ lórí padà, ẹ tẹ́ ẹ lé irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn sítáàtì. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, iná kọ́ìlì le! Kí epo má sì jò nítòsí. Bó bá ń ṣáná dáadáa, ẹ yẹ ọ̀nà epo wò. Bí kò bá ṣáná, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ ṣí dìsìtírìbútọ̀. Lẹ́yìn òjò, omi ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ. Bí kọ́ńtáàtì bá ti dúdú, ẹ fi sáńpépà fẹ́lẹ́ rà á. Àlàfo rẹ̀ kò ju bíi 0.4 mm lọ.