Ìṣirò Alẹ́ Láàárín Àwa àti Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwa àti àwọn ọmọ tó ń bá wa tajà, pàápàá nígbà tí owó bá dín.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta pírófísọ̀n ní Ìkàrẹ́ gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́. Ọ̀kà lọmọ náà ti ń wọ mọ́tò wá láràárọ̀, kì í sì í pẹ́ dé. Ìgbà tí wọ́n ka ọjà níparí oṣù kan, owó dín N18,000. Ọmọ ní, "Mọ́mì, mi ò mú owó yín o. Àwọn kan fi tiránsífà sanwó, ọjọ́ tó jẹ́ ni mi ò rántí mọ́." Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ò gbà. Wọ́n pariwo lé e lórí níṣojú oníbàárà, wọ́n yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Ọmọ ò fọhùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kò wá mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó gba ìwé àkáǹtì ní báńkì. Àṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Akùngbá ló ra páálí Indomie lọ́jọ́ tí ìyá lọ síbi òkú. Inú àkáǹtì ìyá fúnra wọn lowó wà! Wọ́n gbé owó ọmọ lọ sí Ọ̀kà, wọ́n bẹ òun àti ìyá rẹ̀. Ọmọ gba owó, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, àmọ́ kò padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala karùn-ún, kò gbà kí ọ̀gá kàn yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí ọjà tó sọnù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó ṣàìbìkítà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Òfin yẹn náà ní ọmọ tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ, tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan la ó fi sọ fún un ṣáájú ká tó ní kó máa lọ. Tó bá pé ọdún márùn-ún, oṣù kan ni. Ó de ọmọ náà pẹ̀lú. Kò yẹ kó kàn dédé lọ.

Ohun tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rèé. Lálẹ́, kí a tó ti ilẹ̀kùn, àwa àti ọmọ á jọ jókòó: owó ọwọ́, tiránsífà, àwìn. A ó kọ ọ́ sínú ìwé kan, àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i. Tí a kò bá sí nílé, a ó fi álátì tó wọlé ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Tí owó bá dín, alẹ́ ọjọ́ náà la ó wá a, láìpe aládùúgbò sí i.

Mílíìkì àti ṣúgà tí àwa fúnra wa ń mú lọ sílé ńkọ́? (Ẹ má rẹ́rìn-ín o, a mọ ara wa.) Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé, kí ọmọ rí i tí ẹ ń kọ ọ́.