Bí Tọ́rótù Alùpùpù Bá Há, Ọwọ́ Òsì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lò

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò ní sọ̀rọ̀ ibà tàbí ti inú rírun. Ọgbẹ́ tí ènìyàn ń gbà lórí alùpùpù ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá èyí tí ó ń wá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò dín eré kù mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, nítorí náà n kò fi ẹnu ẹlòmíràn sọ ọ́.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Alùpùpù ni mo fi ń lọ sí ibi iṣẹ́, òun náà ni mo sì fi ń gbé ọmọ mi obìnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí, mo ṣàkíyèsí pé tọ́rótù, èyíinì ni ọwọ́ ọ̀tún tí a ń yí kí alùpùpù lè sáré, ti ń wúwo. Bí mo bá yí i tí mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kì í padà wéré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni ó ń rọra fà padà bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo ní, "N óò gbé e lọ fún mẹkáníìkì ní ọjọ́ Sátidé." Ẹ̀yin ará, àìsàn tí a bá ní kí ó dúró de Sátidé kì í sábà dúró.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Mo fún alùpùpù níná láti kọjá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Nígbà tí mo fẹ́ dín eré kù, tọ́rótù kò padà. Mo fi gbogbo agbára di ọwọ́ alùpùpù mú, mo tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ń pariwo. Bíréèkì ń dá a dúró, ẹ́ńjìnnì ń tì í lọ, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà. Òkìtì yanrìn tí wọ́n dà sí iwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni ó gbà wá. A ṣubú lé e. Akoto wà lórí àwa méjèèjì, nítorí náà orí wa kò fọ́. Ṣùgbọ́n sáláńsà gbígbóná jó ọmọ mi ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, lábẹ́ orúnkún. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní.

Ọmọdékùnrin mẹkáníìkì kan wá, ó fa wáyà tọ́rótù jáde, ó fi hàn mí. Àwọn okùn irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fẹ́ bí ẹnu ìgbálẹ̀, wọ́n sì ti há mọ́ inú rọ́bà tí wáyà náà ń gbà kọjá. Ó wá wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ọwọ́ òsì yín ńkọ́? Kí ni ó ń ṣe nígbà náà?" N kò rí èsì fọ̀.

Àwa Yorùbá kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n lórí alùpùpù, ọwọ́ òsì ni ó mú kílọ́ọ̀ṣì dání, kílọ́ọ̀ṣì ni ó sì ń ya ẹ́ńjìnnì nípá kúrò lára táyà. Bí ẹ bá fà á, ẹ́ńjìnnì lè máa pariwo bí ó ti wù ú, agbára rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ táyà mọ́. Nítorí náà, bí tọ́rótù bá há, ohun tí ẹ óò ṣe nìyí, ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé:

Èkínní, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì pátápátá, ẹ má sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ariwo ẹ́ńjìnnì.

Èkejì, ẹ fi bíréèkì ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ dá a dúró díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa darí rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, kí bíréèkì iwájú rọra ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn alùpùpù kan ní bọ́tìnì pupa fún èyí lẹ́bàá ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tí kò bá ní in, kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ yí. Ẹ yí i dé ibi tí iná ti ń kú nìkan, kí ọwọ́ alùpùpù má baà há sí ojú kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má tún un tan "kí a kàn fi délé." Ẹ tì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ má ṣe fò sílẹ̀, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni egungun ti ń ṣẹ́. Ní ti alùpùpù tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ nìkan fi ń yí jíà, ẹ tẹ jíà náà mọ́lẹ̀ kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ó jọ èyí. Nígbà mìíràn, kì í ṣe wáyà ni ó há, ọwọ́ ẹni tí ń gùn ún ni. Ẹ ti rí àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Bí ẹṣin bá fẹ́ sá, wọn a fa ìjánu sẹ́yìn, ẹṣin a sì dúró. Alùpùpù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà yín tí ẹ fa ọwọ́ ọ̀tún mọ́ra, ńṣe ni ẹ ń fún un níná sí i. Òògùn kan náà ni fún méjèèjì: ọwọ́ òsì.

Ṣùgbọ́n ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Ní àràárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí tọ́rótù kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá tan án, tí kò sí nínú jíà, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù sí òsì tán, kí ẹ yí i sí ọ̀tún tán. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè, wáyà náà há níbì kan. Ẹ wo rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún bí ó bá ń yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ asẹ́ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò, nítorí eruku ọ̀nà wa yóò wọ inú kábúrétọ̀, yóò sì há a.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lẹ́yìn, ẹ má di ọrùn ẹni tí ń gùn ún mú. Ẹ di ìbàdí rẹ̀ tàbí irin ẹ̀yìn mú, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ dé akoto. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú un ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn mìíràn dé igbá sórí láti fi tan ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ kó jọ ní 2008 fi hàn pé akoto ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69.

Bí sáláńsà bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù tí ó mọ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú rẹ̀ gírígírí. Ẹni tí orí tàbí ọrùn ń dùn, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má fún un lómi. Ẹ pe 122 tàbí 112. Bí egungun bá yọ síta, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ó tó di ti oníṣègùn egungun. Kí ẹ sì bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí àgbọ̀n ènìyàn gan pa.

Ọ̀la àárọ̀, kí ẹ tó gbé ọmọ yín sẹ́yìn, ẹ yí tọ́rótù yín wò. Bí ó bá wúwo, ẹ má dúró de Sátidé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ kú ìtọ́jú ara.