Ẹ Má Dúró Kí Ilẹ̀ Mọ́: Ẹ̀kọ́ lórí Àìsàn Òjijì Ẹran Ọ̀sìn

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí ajá, ewúrẹ́ tàbí adìyẹ rẹ̀ bá ṣàìsàn lójijì. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni a ti kó o jọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ohun tí ojú àwọn ìdílé kan láàárín wa ti rí nígbà tí wọ́n gbé ẹran wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní ìgboro Kàdúná. Wọ́n gbà pé kí a sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ajá baálé ilé kan ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí eku tí ń jẹ àgbàdo inú àká, wọ́n da òtapiapia sórí ẹja gbígbẹ, wọ́n gbé e sílẹ̀. Ajá ni ó jẹ ẹja náà ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò pẹ́ tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń tọ̀ sára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Wọ́n rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Nígbà tí epo kò gbọ́, wọ́n rọ ẹyin tútù, wọ́n tún fi wàrà lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n fi bárò gbé e dé ọ́fíìsì wa, a sì bá wọn wá mọ́tò lọ sí ìgboro. Ẹnu géètì dókítà ni ajá náà kú sí.

Dókítà kò bá wa jà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi wá. Kí ni ó jẹ gan-an? Aago mélòó ni ó jẹ ẹ́? Ìgò oògùn náà dà? Ìgò ń bẹ nílé lẹ́yìn àká, kò sí ẹni tí ó rántí mú un. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní atropine, tí ó ń bá irú májèlé bẹ́ẹ̀ jà, bí ẹran bá tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Baálé ilé náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé. Ajá náà ti tó ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni ó ń ṣọ́ oko àti ọmọ.

Nípa ti epo pupa, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ta létí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nílé tí wọ́n ti bí àwa náà, epo ni a ń sá sí. Ṣùgbọ́n epo kì í pa májèlé. Púpọ̀ nínú oògùn kòkòrò a máa yòrò nínú epo, epo sì lè mú kí ó tètè wọ inú ara. Ewu kejì wà níbẹ̀ tí ó burú ju ìyẹn lọ: ẹran tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ohun tí a rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ májèlé, èyí lè pa á ní ọjọ́ kejì. Bákan náà, ẹ má fi ipá mú un bì, pàápàá bí ó bá jẹ́ kẹrosíìnì ni ó mu tàbí bí gìrì bá ti mú un.

Ohun tí ó yẹ kò pọ̀. Ẹ gbé ẹran kúrò níbi májèlé náà. Bí oògùn bá dà sí i lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín kí ó má ba à wọ ẹ̀yin náà lára. Ẹ mú ìgò oògùn, ẹ wo aago, ẹ gbéra. Nínú mọ́tò, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Ẹ má fi aṣọ di ẹnu ẹran tí ń bì tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, bí ó ti wù kí ẹ̀rù eyín rẹ̀ bà yín tó.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ajá kékeré kan lá ara páǹpù tí wọ́n fi ń fín ẹ̀wà. Ìyàwó ilé náà ti gbọ́ ìtàn ti àkọ́kọ́. Ó fọ ajá náà, ó ju ìgò sínú àpò rẹ̀, ó sì dé ìgboro kí wákàtí kan tó pé. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí ajá náà lára. Ó ti dàgbà báyìí, ó sì ti fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò òṣìṣẹ́ wa kan ya.

A kò ní purọ́ pé gbogbo ìrìn-àjò ni ó dùn. Ìyá kan gbé ewúrẹ́ tí ó ń rọbí lọ sí ìgboro ní ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀kùn títì ni ó bá. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹran rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mú ju owó mọ́tò lọ. Òmíràn jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí pé kò mọ bí yóò ṣe sọ fún wọn pé ẹran òun ń kú lọ. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí wọ́n wo ẹran tí ń kú kí wọ́n tó bèèrè owó, a sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó kàn. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi yí padà, kí àwa náà wá nǹkan ṣe sí tiwa. Nígbà tí ara ẹran le, ẹ lọ bèèrè ọjọ́ àti wákàtí tí dókítà ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ń dáhùn lálẹ́ àti ní ọjọ́ Àìkú, àti nǹkan bí iye tí yóò gbà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára ògiri, kí ọmọ tí ó mọ̀wé lè rí i pè bí ẹ̀yin bá wà lóko.

Ilé ìwòsàn ẹranko ńlá kan tún wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 80 kìlómítà láti Kàdúná. Ibẹ̀ dára fún iṣẹ́ abẹ àti àìsàn tí ó ta kókó. Ẹran tí ó jẹ májèlé kò ní lè dúró de irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó súnmọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó ń dá púpọ̀ nínú wa dúró. Ẹni tí kò gbọ́ Hausa dáadáa kó àwọn gbólóhùn díẹ̀ yìí sórí. Dókítà ẹranko ni *likitan dabbobi*. “Ajá mi jẹ májèlé” ni *Karena ya ci guba*. “Ewúrẹ́ mi wú” ni *Akuyata ta kumbura*. “Ajá bu ọmọ jẹ” ni *Kare ya ciji yaro*. Bí wọ́n bá bi yín pé *Tun yaushe?*, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ti ewúrẹ́ kò ní gùn. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ọkà tàbí ewéko tútù ní àjẹjù, inú rẹ̀ lè wú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni yóò ti kọ́kọ́ yọ, yóò sì máa dún bí ìlù bí ẹ bá fi ìka kàn án. Ẹ mú un dúró kí iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, ẹ máa rìn ín. Bí ó bá ṣì ń gbé nǹkan mì, ẹ lè fún un ní òróró ẹ̀pà díẹ̀díẹ̀, kí ó má ju ìdajì ife omi kékeré lọ. Níhìn-ín òróró wúlò, nítorí pé ó ń pa ìfófòó inú rẹ̀. Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ tí èémí rẹ̀ ń ká, dókítà nìkan ni ó ní irin tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ìdáná gún un. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù yàtọ̀ sí èyí. Májèlé inú rẹ̀ lè pa ewúrẹ́ kí ẹ tó rí mọ́tò. Ẹ sá èèpo sóòrùn ní fífẹ́lẹ́ títí yóò fi gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún wọn.

Bí adìyẹ méjì mẹ́ta bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tà wọ́n, ẹ má sì kó wọn fún aládùúgbò. Ẹ ránṣẹ́ pe ẹ̀ka ètò ìlera ẹranko. Ẹ rántí Jaji, lójú ọ̀nà Kàdúná sí Zaria. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006 ni adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí kú ní oko ńlá kan níbẹ̀. Àìsàn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ni a kéde pé bird flu irú H5N1 ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà. Adìyẹ tí ó lé ní 40,000 ni ó ṣòfò lóko kan ṣoṣo yẹn, kí oṣù náà sì tó parí, ó ti dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ kà ni ọ̀rọ̀ ajá dìgbòlugi.

Ọkùnrin kan láàárín wa ní ajá tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀, tí itọ́ ń dà, tí kò lè jẹun, tí ohùn gbígbó rẹ̀ sì yí padà. Ó rò pé egungun ni ó há a lọ́fun. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó wá egungun títí, kò rí nǹkan kan. Eyín ajá náà sì ha á lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà, ajá ọ̀hún ti bu ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré jẹ ní itan. Ìyá ọmọ fi ata àti epo sí ojú ọgbẹ́. Bàbá gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí egungun. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ọmọ.

Dókítà wo ajá náà láti òkèèrè, ó bèèrè káàdì àjẹsára. Kò sí káàdì. Ó bèèrè bóyá ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ìgbà náà ni bàbá sọ ti ọmọ. Kíá ni dókítà ní kí wọ́n fi ajá sílẹ̀ nínú àgò irin, kí bàbá fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó padà lọ gbé ọmọ, kí àwọn méjèèjì sì lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá fẹ́ kí wọ́n fọ́ ajá náà lórí. Dókítà kọ̀, nítorí pé ọpọlọ inú orí náà ni wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò bí ó bá kú. Ní ọjọ́ kẹta ó kú. Wọ́n fi orí rẹ̀ sínú yìnyín ránṣẹ́ sí Vom lẹ́bàá Jos, níbi tí ilé ìwádìí ààrùn ẹranko ti orílẹ̀-èdè wa wà láti ọdún 1924. Èsì dé pé dìgbòlugi ni.

Ààrùn yìí kì í sáré. Ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó yọ lára ẹni tí ajá bù jẹ. Nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan. Nínú àlàfo yẹn ni abẹ́rẹ́ ti lè gbani. Bí ẹ̀rù omi bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ẹnikẹ́ni yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, ajá ni ó sì ń kó o ràn wọ́n ju ohunkóhun lọ. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bù jẹ, mẹ́rin jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

Nítorí náà, bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi ata, epo, tàbí àgúnmu sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kankan sílẹ̀ nítorí pé ọgbẹ́ ti jinná. Bí ara ajá bá dá, ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá lójú dókítà. Ẹ má pa á, ẹ má sì tà á fún àwọn tí ń pa ajá jẹ, nítorí ẹni tí ó ń pa á àti ẹni tí ó ń gé e lè kó o.

Bàbá yẹn ná owó mọ́tò ju bí ó ti rò lọ láàárín oṣù kan yẹn, ó sì ráhùn sí wa létí dáadáa. Òun àti ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ wọn pé. Ọmọ náà ti padà sí ilé-ìwé. Wọ́n ti tún ra ajá mìíràn. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́ta, bàbá fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ gba àjẹsára, ó sì mọ̀ pé lọ́dọọdún ni òun yóò máa tún un gbà. Ó ti fi ìṣó kan káàdì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fóònù dókítà.