Ikùn, Àpòlúkù àti Ìwọ̀n: Ohun tí Àwòrán Ìṣègùn Lè Sọ

Alápatà tí ó ń tajà ní Àpáta, ní ìlú Ìbàdàn, kì í ṣi ẹ̀yà inú màlúù pè. Bí oníbàárà bá béèrè ṣàkì, kò ní gé ìfun fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní pe fùkù ní ẹ̀dọ̀. (Kí àmì ohùn má ṣe tan ni jẹ: òkúta ńlá ni àpáta tí a fi sọ àdúgbò náà lórúkọ, ẹni tí ó ń pa ẹran ni alápatà.) Ní Moor Plantation tí ó wà ní àdúgbò kan náà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ẹranko wà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé yàrá mẹ́rin ni àpòlúkù màlúù ní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ènìyàn, 'inú' àti 'ikùn' ni a fi ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú kan náà ni a fi ń bínú, tí a sì fi ń dùnnú. Fún ìlò sáyẹ́ǹsì, ó yẹ kí 'ikùn' jẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀ àyà títí dé ìdí, kí 'àpòlúkù' sì jẹ́ àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí láti ọ̀nà ọ̀fun.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí a bá fi oògùn kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ohun tí ó wà nínú àpòlúkù lè padà gòkè, kí ó sì ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 1946, Mendelson ròyìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ 66 láàárín ìbímọ 44,016 ní ilé ìwòsàn kan ní New York. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ fún aláìsàn pé kí wákàtí 6 kọjá lẹ́yìn oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, kí 2 sì kọjá lẹ́yìn omi lásán. Ẹni tí ó mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ lè fi òtítọ́ dáhùn pé òun kò tíì jẹun, nítorí mímu ni à ń mu ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ kì í ṣe omi lásán. Ìbéèrè tí ó tọ̀nà ni: 'Kí ni ẹ jẹ, kí ni ẹ mu, agogo mélòó sì ni?'

Bí ìdáhùn kò bá dáni lójú, a lè yàwòrán. Ẹ́ksíréè ń fi ìrísí àpòlúkù hàn bí aláìsàn bá ti mu bérìọ́mù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ MRI, tí ó ń fi agbára òòfà ṣiṣẹ́, a máa yàwòrán àpòlúkù ní ìpele-ìpele, a ó sì ro àwọn ìpele náà pọ̀. Ó súnmọ́ òtítọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é tì dé ẹnu ọ̀nà iyàrá iṣẹ́ abẹ. Skáànù tí ó ń fi ìró yàwòrán ni ó ṣe é gbé kiri. Òun náà kì í rí àpòlúkù tán, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dí ìró lọ́wọ́. Dókítà a máa wo ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ tí ó kọjú sí ìfun, nígbà tí aláìsàn bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ kí omi lè ṣàn síbẹ̀. Yóò wọn ìbú rẹ̀ lọ́nà méjì, yóò sì fi èyí ṣírò bí ojú rẹ̀ ti fẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin.

Ní ọdún 2013, Perlas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé ìlànà ìṣirò kan jáde: a ó sọ fífẹ̀ náà di ìlọ́po 14.6, a ó fi 27 kún un, a ó sì yọ ìlọ́po 1.28 ọjọ́ orí kúrò. Wọ́n fa ohun tí ó wà nínú àpòlúkù jáde láti yẹ ìṣirò wọn wò. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ mílílítà 6.

Ìpíndọ́gba kì í ṣe ẹnì kan, ṣá o. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni ogójì ọdún tí ó wọn kìlógíráàmù 60. Mílílítà 1.5 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ṣe ààlà, èyí tí í ṣe 90 fún ẹni yìí. Bí ìbú méjèèjì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.2, ìṣirò yóò fún wa ní 93. Bí ó bá jẹ́ 3.0, yóò fún wa ní 79. Mílímítà méjì péré ni ó gbé aláìsàn kọjá ààlà. Àpòlúkù tí ó ń sún kì ní àsìkò tí a yàwòrán rẹ̀, tàbí ọwọ́ tí ó tẹ ẹ̀rọ mọ́ ikùn jù, tó láti fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ògbufọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé 'skáànù wọn àkóónú àpòlúkù' ti sọ ju ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ. Ìbú ni skáànù wọ̀n. Àkóónú ni oníṣègùn ṣírò. 'Wọ̀n' àti 'ṣírò' kò gbọ́dọ̀ gba ipò ara wọn. Bákan náà, 'ìgbẹ́kẹ̀lé' nìkan kò tó láti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ti dára sí. Ó yẹ kí a ya 'ìpéye', bí èsì ti súnmọ́ òtítọ́, sọ́tọ̀ kúrò lára 'ìbáramu', bí èsì ẹni méjì tí ó wo aláìsàn kan náà ti jọra. Dókítà méjì lè bára mu pátápátá kí wọ́n sì jọ ṣìnà.

'Ìwọ̀n àpòlúkù' pàápàá ní ojú méjì: àkóónú, èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí, àti ìgbààyè, èyí tí ó lè gbà. Àpòlúkù tí ó ṣófo a máa ká jọ. Bí oúnjẹ bá dé, a máa nà. Ti àkóónú ni dókítà ń wá ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Ìlànà Toronto kò wà fún ọmọdé tàbí aboyún, omi lásán ni ó sì bá mu. Bí àwòrán bá fi oúnjẹ líle hàn, kò sí ìdí fún ìṣirò kankan: àpòlúkù náà kún, iṣẹ́ abẹ tí kò bá jẹ́ kánjúkánjú yóò sì dúró.