Àgbàbọ̀ Ṣòkòtò ní Koumassi

Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. N kò ní túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọdé tó bá ti wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwé rí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu ni ìgbéyàwó kan tí a lọ ní Koumassi, ní Abidjan níbí, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ti gbé aṣọ ẹbí fún télọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, pagne mẹ́ta gbáko, ìyẹn yáàdì 6, owó iṣẹ́ sì ti pé lọ́wọ́ télọ̀. "Demain matin", ọ̀la láàárọ̀, ni wọ́n ń dá a lóhùn ní gbogbo ìgbà tó bá pè. Ọ̀la di ọ̀túnla, ọ̀túnla di ọjọ́ ìgbéyàwó, aṣọ ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù tó fi gbé e lọ, ẹnu sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án. Ló bá sáré yá síkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fa ikùn sínú, ó fi tipátipá fa síìpù, ó sì dé òde. Ìgbà tó kúnlẹ̀ láti kí ìyá ìyàwó la gbọ́ ọ: fààà! Láti ìbàdí dé itan. Ariwo máìkì ò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ló tú ìborùn tirẹ̀ tó fi wé e nídìí tí wọ́n fi mú un wọ yàrá, kò sì jáde mọ́ títí a fi jẹun tán.

Inú bí mi sí télọ̀ yẹn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni inú bí mi sí jù. Ọmọ ọdún 26, tó ń sọ Faransé bí ẹni ń mumi, tó ń fi fóònù tajà fún ará Bouaké àti ará San-Pédro, kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ sì wò ó, síkẹ́ẹ̀tì yẹn kò ya. Ojú rírán ló tú. Ẹni tó bá mọ abẹ́rẹ́ í mú, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Obìnrin mẹ́sàn-án la wà nínú yàrá yẹn, èmi náà pẹ̀lú wọn, kò sí ẹni tó ní abẹ́rẹ́ nínú báàgì. Àwọn ìyá wa tó kọ́kọ́ ti Èjìgbò wọ ìlú yìí, tí àwọn ará ibí ń pè ní Anàgó, abẹ́rẹ́ kì í wọ́n ní etí ìró wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ẹ kọ́ bí a ṣe ń rán aṣọ ara yín. N kò ní kí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù. N kò ní kí ẹ gba iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi ọ̀sán ọjọ́ Àìkú wo bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ fi tiyín jókòó ti maṣíìnì. Ó dùn. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé adùn rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rí i kí aṣọ pẹlẹbẹ di apá lójú ara rẹ̀.

Àwa Yorùbá tilẹ̀ ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìró kò ní rírán kankan ju kí a ṣẹ́ ẹ létí lọ. Bùbá sì ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: aṣọ tí a ṣẹ́ po sí méjì, ọrùn tí a gé, apá méjì tí a lẹ̀ mọ́ ọn ní ìlà gbọọrọ, kò sí kọ́nà kankan tó lè dààmú ènìyàn. Ẹni tó bá ti rán bùbá mẹ́ta ti mọ ohun tí maṣíìnì fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́.

Aṣọ wax gidi, ìyẹn àńkárá, náà dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ẹ kò lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má tí ì gé e. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kọ́kọ́, kí ó súnkì bó bá ti fẹ́ súnkì tó, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Mo ti rí bùbá tó bá ara mu lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò gba èjìká mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo àwòrán ara aṣọ náà pẹ̀lú. Èyí tó ní òbìrí ńlá bí àwo, ẹ gbé e sára níwájú dígí kí ẹ tó fi ṣọ́ọ̀kì kàn án, kí ẹ mọ ibi tí òbìrí yẹn máa bọ́ sí lára yín. Sísọ́ọ̀sì aṣọ kò gbọdọ̀ kan bébà láéláé. Bí ọmọ bá ti fi gé ìwé lẹ́ẹ̀kan, aṣọ ló máa jìyà rẹ̀. Kí ẹ sì fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ gé bùbá àkọ́kọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bàjẹ́ kò dun ẹnikẹ́ni.

Ti maṣíìnì, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Nígbà tí òwú bá ń ká jọ lábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ, gbogbo ènìyàn ló máa ń tú bọ́bìnì. Wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò, wọ́n á gégùn-ún fún un. Òkè ni àrùn náà sábà máa ń wà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè kí ẹ tó fi òwú kọ́ maṣíìnì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí òwú lè wọ àárín àwọn irin pẹlẹbẹ méjì tó ń fà á le. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, àwọn irin náà ti pa ẹnu dé, òwú á kàn gorí wọn kọjá ni. Ó gbà mí ní odidi oṣù kan kí ẹnì kan tó sọ fún mi.

Ẹni tó sọ ọ́ fún mi náà ló jẹ́ kí n bá òwe ṣòkòtò yẹn ní gbólóhùn asọ̀.

Bùbá àkọ́kọ́ tí mo fi aṣọ gidi rán fún ara mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi wọn ara mi. Mo sọ téèpù sẹ́yìn, mo tẹ orí ba kí n lè rí nọ́ńbà. Bí mo ṣe tẹ orí ni èjìká mi yí, nọ́ńbà sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí. Mo mú ti àárín, mo gé e. Mo rán an tán, mo wọ̀ ọ́, n kò lè gbé ọwọ́ dé orí láti wé gèlè. Tèmi ni aṣọ, tèmi ni maṣíìnì, ara mi ni mo wọ̀n, síbẹ̀ rẹ́múrẹ́mú kankan kò sí níbẹ̀. Ohun ẹni tó yẹ kó báni mu ti há mi lápá bí ohun tí mo yá.

Télọ̀ ọmọ Burkina Faso kan ní Treichville, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ òwú yẹn fún mi, ni mo gbé e lọ bá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tú apá méjèèjì sílẹ̀, ó ní kí n dúró ṣánṣán, kí n wo ògiri, ó sì wọn ẹ̀yìn mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ní aṣọ kan nílé, tèmi tàbí ti ẹlòmíràn, tó máa ń bá mi mu dáadáa. Mo ní bùbá kan wà tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n lọ gbé e wá. Ó tẹ́ bùbá àyálò yẹn sórí bébà, ó fi píìnì gún un káàkiri, ó fi bírò tọ etí rẹ̀, ó fi ìwọ̀n ìka kan kún un yíká fún ibi tí rírán máa gbà. Ó ká bébà náà, ó nà án sí mi, ó ní, "Ìwọ nìyí." Bébà yẹn ni mo ṣì ń lò títí dòní.

Ẹ ò rí i pé ohun àgbàbọ̀ ló tún tèmi ṣe. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe ṣòkòtò fẹ́ kí a gbà pé ohun tí a yá kò ní èrè kankan ju ìtìjú lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó yá ṣòkòtò wọ̀ lọ sóde ti ṣìṣe. Ẹni tó yá a láti tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó wo bí wọ́n ṣe gé e, ọgbọ́n ló gbé wálé.

Ẹ wo wax fúnra rẹ̀. Aṣọ onída ti àwọn ará Java ni àwọn Òyìnbó Holland fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀; láti ọdún 1846 ni Vlisco ti wà ní Helmond. Lónìí, Uniwax ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yopougon níbí. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń sọ ọ́ lórúkọ, tí wọ́n ń pe ọ̀kan ní "Mon mari est capable", pé ọkọ mi tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ta ló máa sọ fún obìnrin tó ró ọ̀kan lọ síbi òkú ìyá rẹ̀ pé ohun tó yá ló wọ̀? Ní ọdún 2019 tí ilé aṣọ Dior ti Paris pàtẹ aṣọ ní Marrakech, Uniwax ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ lórí aṣọ títẹ̀. Wọ́n tún wá ọwọ́ Pathé'O, aránṣọ tó kúrò ní Burkina Faso wá sí Abidjan ní 1969, tó gba orúkọ ní Treichville, tí Mandela sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Dior tóbi tó báyìí, ó yá ọwọ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn tó ń sọ pé "kọ́ ọ fúnra rẹ, kí o lè bọ́ lọ́wọ́ télọ̀" lọ. Ẹ kò ní bọ́. Kóòtù, agbádá oníṣẹ́ ọnà, ṣòkòtò tó ní àpò mẹ́rin, ẹ gbé e fún ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti jókòó rán apá bùbá kan rí kò tún ní ná owó iṣẹ́ télọ̀ bí ẹni ń ná ata. Yóò sì mọ̀ pé aṣọ tí a gbé dé nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin, irọ́ ni wọ́n máa pa fún un. Oorun àwọn télọ̀ nígbà yẹn, abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni. Mi ò gbèjà ẹni tó gba aṣọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò gé e. Olè àkókò ni, kò sí orúkọ míì tí mo lè fún un.

Ọmọ àbúrò mi ti ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìlà gbọọrọ ló ń rán lórí bébà láìfi òwú sí maṣíìnì, ó bínú, ó ní òun kì í ṣe ọmọ jẹ́léósinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gé aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lẹ apá ọ̀tún mọ́ òsì. Ó tú u fúnra rẹ̀, òwú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹnu abẹ́rẹ́, láìjẹ́ kí aṣọ ya. Èmi tí mo ń wò ó láti ilé ìdáná ni mo mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó gbé aṣọ ẹbí yẹn wá, èyí tó lọ gbà padà lọ́wọ́ télọ̀ láìrán. Ó ní kí n bá òun di téèpù mú lẹ́yìn. Ó dúró ṣánṣán, ó ń wo ògiri. Ó wá ní kí n yá òun ní bùbá àdìrẹ mi, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mí mọ́, kí òun lè fi tọ bébà. Bùbá náà ti lo ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, àmì ṣọ́ọ̀kì sì ti wà ní èjìká rẹ̀ méjèèjì. N kò tíì ní kó dá a padà.