Ọ̀bẹ Àpò fún Ọmọ Kéwú: Irú Èwo Ló Yẹ Kí A Rà?

  

Ẹ̀kọ́ wa ti ọdún yìí kò ga, ṣùgbọ́n ó kan ìka ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni. Ọmọ tó ń kọ wàláà kò lè sá fún ọ̀bẹ, nítorí kàlámù kì í gbẹ́ ara rẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ èèsún tàbí pòròpórò ọkà-bàbà wá, ọ̀bẹ la ó fi bó o, òun la ó fi gbẹ́ ẹnu rẹ̀, òun náà la ó fi là á kí tàdáwà lè máa sàn. Bí a kò bá fún ọmọ ní ọ̀bẹ tó yẹ, bíléèdì ni yóò lọ wá, èyí tó mú ní ojú méjèèjì tí kò sì ní èèkù.

Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ọdún 8 kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi parí Júsù Ámmà. Inú mi dùn, mo lọ sọ́jà, mo ra ọ̀bẹ àpò kan fún un, irú èyí tí a ń ṣẹ́ po sínú èèkù. Ó ń dán gbinrin. N kò wò ó bóyá ó mú, n kò sì wò ó bóyá ìṣó rẹ̀ dúró dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà jókòó ti kàlámù rẹ̀. Ọ̀bẹ kò mú, ó wá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ni ọ̀bẹ bá ṣẹ́ po lu ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ojú mẹ́ta ni wọ́n rán. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ tó ti ń kọ wàláà fúnra rẹ̀ kò lè di kàlámù mú.

Ìyá rẹ̀ ní, “Àáfà, kádàrá ni.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ́ ẹni tó ni ràkúnmí pé kó so ó mọ́lẹ̀ ná, kó tó wá gbára lé Ọlọ́hun. Èmi ni n kò so ràkúnmí tèmi.

Ẹ jẹ́ ká wo Kùránì. Nínú Súrà Yusuf, áyà 31, la ti rí ọ̀bẹ, tí Lárúbáwá ń pè ní sikkīn. Wọ́n fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọ̀bẹ níbi àsè. Nígbà tí Ànábì Yusuf yọ sí wọn, ẹwà rẹ̀ gba ojú wọn, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gé ara wọn lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i: àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọdé. Ojú tó kúrò lára iṣẹ́ ló fa ọgbẹ́. Bí ó bá ṣe àgbà bẹ́ẹ̀, kí ni ká retí lọ́dọ̀ ọmọdé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè láti ìta?

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ra ọ̀bẹ fún ọmọ, ẹ jẹ́ ká wo nǹkan márùn-ún.

Ìkínní, ìwọ̀n rẹ̀. Kí ojú ọ̀bẹ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èèkù rẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ẹ mú ọmọ náà dání lọ sọ́jà, kó dì í mú kí ẹ tó sanwó.

Ìkejì, ṣóńṣó rẹ̀. Fún ọmọ kékeré, èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ rí róbótó ló dára. Kàlámù kò nílò ohun tí a fi ń gún nǹkan. Àwọn tó ń ṣe Opinel ní ilẹ̀ Faransé àti àwọn tó ń ṣe Victorinox ní Switzerland ń ṣe irú rẹ̀ fún ọmọdé. Bí a kò bá rí i rà, kí alágbẹ̀dẹ lọ ṣóńṣó náà kúrò.

Ìkẹta, ohun tó dè é. Èyí ni mo fi ojú fò dá. Àwọn ọ̀bẹ kan wà tó jẹ́ sípíríǹgì nìkan ló mú wọn dúró. Bí a bá tẹ̀ wọ́n lódì, wọn a pa dé. Àwọn mìíràn ní ohun tó ń tì wọ́n. Ọdún 1890 ni Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀bẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1955 ni wọ́n tó fi òrùka irin sí i lọ́rùn, èyí tí a ń yí kí ọ̀bẹ má bàa pa dé mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ ra èyí tó ní ìtì. Ẹ mì ín wò: bí ìṣó rẹ̀ bá ń yẹ̀, ẹ dá a padà.

Ìkẹrin, mímú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọ̀bẹ tó kú ló yẹ ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀bẹ tó kú ń fẹ́ agbára, agbára ló sì ń mú ọwọ́ yọ̀. Nínú hádíìsì Shaddad ọmọ Aws tí Muslim gbà wá, Ànábì pa á láṣẹ pé kí ẹni tó fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kó mú, kí ẹran má bàa jìyà. Bí ẹran bá ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀bẹ tó mú, ìka ọmọ wa náà ní in.

Ìkarùn-ún, ẹni tí yóò jókòó tì í. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọmọ kò lè kọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀bẹ. Bí kò bá sí àgbà tó ní àyè láti jókòó tì í, ẹ má tíì rà á.

Nípa ọjọ́ orí, Ànábì ní ká pa ọmọ láṣẹ ìrun ní ọdún 7, ká sì le mọ́ ọn ní ọdún 10. Hádíìsì náà kò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n mo rí i nínú rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ń ṣáájú ìfọkàntán. Ní bí ọdún 7, kó lò ó lójú wa, ká sì gbà á padà. Títọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀ di ìgbà tó bá ti pé 10, tí a sì ti rí làákàyè rẹ̀. Ọmọbìnrin tí à ń fún ní ọ̀bẹ ìdáná láti fi rẹ́ ilá wà nínú ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mú èyí sórí:
1. Jókòó kí o tó ṣí ọ̀bẹ. Má ṣe rìn, má ṣe sáré pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣíṣí.
2. Máa gbẹ́ kàlámù síwájú, má gbẹ́ ẹ sí ara rẹ. Má gbé e lé itan.
3. Pa ọ̀bẹ dé kí o tó fi fún ẹlòmíràn. Ànábì kọ̀ fún wa láti na idà tó wà ní híhò síra wa.
4. Má fi í ṣeré, má nà án sí ẹnikẹ́ni. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, àwọn máláíkà a máa ṣẹ́bi lé ẹni tó na irin sí ọmọ ìyá rẹ̀.
5. Bí ó bá gé ọ, má fi pamọ́. Fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́, kí o pe àgbà. Bí ọgbẹ́ bá jìn, tàbí tí ọ̀bẹ bá dógùn-ún, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n wò ó bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì yẹ.

Ọ̀bẹ kì í bá ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Lọ́dọ̀ wa níbí, àáfà ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kíyè sára gidigidi: lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1988, ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ tó ní ìtì kiri ìgboro láìní ìdí gúnmọ́ ti rú òfin, bó ti wù kó kéré tó. Inú ilé ni kó ti lò ó.

Ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń gbẹ́ kàlámù padà. Àpá wà ní ìka rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá na wàláà sí mi, àpá yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Kí Ọlọ́hun bá wa dá ọwọ́ àti ojú àwọn ọmọ wa sí. Àmín.

Ìbéèrè:
(a) Kí ló mú kí àwọn obìnrin inú Súrà Yusuf gé ara wọn lọ́wọ́?
(b) Kí nìdí tí ọ̀bẹ tó kú fi léwu ju èyí tó mú lọ?
(d) Dárúkọ nǹkan márùn-ún tí a ń wò kí a tó ra ọ̀bẹ fún ọmọ.